Òkìkí Yàtọ̀ sí Ìfẹ́: Ọ̀rọ̀ Àsọyé lórí Gianluigi Donnarumma, Aṣọ́lé Ọmọ Ítálì

Ẹ̀yin bàbá àti ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ wà níkàlẹ̀, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí mo mọ̀ pé ìfẹ́ bọ́ọ̀lù ló gbé ọ̀pọ̀ nínú yín dé ibí, mo kí gbogbo yín kú ìjókòó. Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ohun tí òkìkí ń fi ojú ọ̀dọ́ rí nínú eré ìdárayá. Mo rò ó títí, mo sì rí i pé bí mo bá ń ti orí ẹnìkan bọ́ sí orí ẹlòmíràn, ọ̀rọ̀ náà yóò gbòòrò lásán ni, kò ní jinlẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ni mo wá mú. Gianluigi Donnarumma ni orúkọ rẹ̀, aṣọ́lé ọmọ ilẹ̀ Ítálì tí òkìkí rẹ̀ ti kàn kí ó tó pé ọmọ ọdún 17. Ohun tí mo rí nínú ìtàn rẹ̀ ni pé òkìkí ọ̀tọ̀, ìfẹ́ ọ̀tọ̀. Láti ọjọ́ tí òkìkí ọmọ yìí ti bẹ̀rẹ̀, kò rọlẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e sórí bàjẹ́ pátápátá, ojú wa báyìí ló sì ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí aṣọ́lé jẹ́ ní ilẹ̀ tí ó ti wá. Nígbà tí èmi àti àwọn ẹgbẹ́ mi ń gbá bọ́ọ̀lù ní àdúgbò wa, ẹni tí kò mọ bọ́ọ̀lù gbá, tàbí àbúrò ẹnìkan tí ń sunkún pé wọn kò mú òun, ni wọ́n máa ń tì sí ojú ilé kí ó lọ ṣe gólì. Ipò ẹni tí a kò mọ ibi tí a ó fi sí ni. Ní Ítálì, kò rí bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọdé pé kí a má jẹ́ kí wọ́n gbá a sí àwọ̀n wa ni ìpìlẹ̀ bọ́ọ̀lù, kí a tó sọ̀rọ̀ pé a fẹ́ gbá a sí ti ẹlòmíràn, aṣọ́lé ni wọ́n máa ń fi ojú àgbà wò níbẹ̀. Dino Zoff pé ọmọ 40 ọdún nígbà tí ó gba ife ẹ̀yẹ àgbáyé gẹ́gẹ́ bí balógun ikọ̀ Ítálì ní 1982. Walter Zenga lo ìṣẹ́jú 517 láìjẹ́ kí bọ́ọ̀lù wọ àwọ̀n rẹ̀ nínú ìdíje àgbáyé ọdún 1990, tí wọ́n gbá ní ilẹ̀ wọn gan-an. Gianluigi Buffon, tí ó wà lójú ilé nígbà tí wọ́n tún gba ife náà ní 2006, wọ aṣọ orílẹ̀-èdè rẹ̀ fún ìgbà 176. Àwọn orúkọ wọ̀nyí kò kúrò lẹ́nu bàbá àti ọmọ níbẹ̀. Nítorí náà, bí ọmọdé kan bá yọjú tí wọ́n sọ pé òun ni yóò jogún ìdílé yẹn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré.

Ní ọjọ́ 25 oṣù Kejì ọdún 1999 ni wọ́n bí Donnarumma sí Castellammare di Stabia, ìlú etí òkun kan nítòsí Naples, tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi láti ayébáyé. Antonio ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí ó fi ọdún mẹ́jọ àti ààbọ̀ jù ú lọ, aṣọ́lé ni òun náà, ọ̀dọ̀ àwọn ọmọdé ẹgbẹ́ AC Milan ni ó sì ti kọ́ṣẹ́. Nígbà tí àbúrò pé ọmọ ọdún 14 ní 2013, Milan mú òun náà lọ sí àríwá. Ó ga fíofío, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì yá ju bí ènìyàn yóò ti retí lára ẹni tí ó ga tó bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀n mítà 1.96 ni wọ́n kọ sílẹ̀ fún un lónìí.

Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹwàá ọdún 2015, Siniša Mihajlović, akọ́nimọ̀ọ́gbá Milan nígbà náà, ní kí Diego López jókòó, ẹni tí ó ti ṣọ́ ilé fún Real Madrid rí, ó sì fi ọmọ ọdún 16 àti oṣù mẹ́jọ sí ojú ilé ní pápá San Siro, níwájú Sassuolo. Mo fẹ́ kí ẹ ro ohun tí akọ́nimọ̀ọ́gbá yẹn dáwọ́ lé. Bí agbábọ́ọ̀lù iwájú bá jẹ́ ọmọdé tí ó sì ṣì í gbá, wọn yóò ní ó ṣì ń kọ́ ni. Bí aṣọ́lé bá ṣe àṣìṣe kan, ó ti di ayò. Domenico Berardi sì gbá ọ̀kan wọlé fún un lọ́jọ́ náà láti ìbi àgbésílẹ̀gbá. Ẹ fi orúkọ Berardi yìí sọ́kàn, a óò tún kàn án. Milan borí pẹ̀lú ayò méjì sí ọ̀kan, ọmọ náà kò sì padà sí orí bẹ́ǹṣì mọ́. Àwọn àgbà wa ní ọmọdé tó mọ ọwọ́ wẹ̀ yóò bá àgbà jẹun. Èyí mọ ọwọ́ wẹ̀, ó sì mọ ọwọ́ nà.

Kí ló dé tí ìfẹ́ fi tú dà sí orí rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀? Mo gbà pé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ nìkan kọ́. Ẹgbẹ́ tí ó ti gba ife ẹ̀yẹ tó ga jù ní Yúróòpù lẹ́ẹ̀meje ni Milan, ṣùgbọ́n ní àkókò tí mo ń sọ yìí, ilé ti ń jò. Ọdún 2011 ni wọ́n ti gba líìgì kẹ́yìn. Ní 2012 wọ́n ta Zlatan Ibrahimović àti Thiago Silva fún Paris Saint-Germain, nígbà tí ó sì fi di 2015, wọn kò tilẹ̀ rí ọ̀nà wọ ìdíje Champions League mọ́. Àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ náà ń wo bí ohun ìní ilé wọn ṣe ń jáde lẹ́nu ọ̀nà lọ́kọ̀ọ̀kan. Àárín ìbànújẹ́ yìí ni ọmọ kan ti yọ láti inú ilé gan-an. Kì í ṣe ìràwọ̀ tí wọ́n rà láti ibòmíràn, wọn kò sì yá a. Ó kọ 99 sí ẹ̀yìn aṣọ, èyí tí í ṣe ọdún ìbí rẹ̀, ó sì dà bí ẹni pé ó ń rán gbogbo ènìyàn létí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ pé ọmọdé ni òun. Gigio ni wọ́n ń pè é, irú orúkọ ìkẹ́ tí a máa ń pe ọmọ tí a gbé pọ̀n.

Kí ọdún kan tó pé, orílẹ̀-èdè náà ti nawọ́ pè é. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ọlọ́rẹ̀ẹ́sọ́rẹ̀ẹ́ pẹ̀lú Faransé ní ìlú Bari, Buffon ṣọ́ ilé fún ìdajì àkọ́kọ́, nígbà tí wọ́n padà láti ìsinmi, Donnarumma ló jáde. Gianluigi wọlé, Gianluigi jáde. Ọmọ ọdún 17 ni, kò sì sí aṣọ́lé tí ó kéré tó o tí ó ti wọ aṣọ Ítálì rí. Faransé borí, ṣùgbọ́n mo rò pé àwọn tí wọ́n wo eré náà kò rántí iye ayò tó bí wọ́n ṣe rántí ìṣẹ́jú tí àgbà fi àyè sílẹ̀ fún ọmọdé. Ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn kan náà, ní Doha, ó lé pẹnáritì Paulo Dybala padà, Milan sì gba Supercoppa, ọ̀kan nínú àwọn ife ilẹ̀ Ítálì, mọ́ Juventus lọ́wọ́. Nínú oṣù Kẹta tó tẹ̀lé e, lẹ́yìn tí Juventus nà wọ́n nílé Juventus, ó dojú kọ àwọn tí ń pariwo lé e lórí, ó sì fi ẹnu ko àmì ẹgbẹ́ Milan ní àyà aṣọ rẹ̀. Ìfẹnukò yẹn ni ó padà wá dá wàhálà sílẹ̀. Lójú àwọn olólùfẹ́ Milan, ẹ̀jẹ́ ni ọmọ náà jẹ́.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ọdún 2017, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀nà òkìkí àti ọ̀nà ìfẹ́ ti pínyà. Àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀ kù ọdún kan. Ẹgbẹ́ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sí ọwọ́ àwọn olówó ilẹ̀ Ṣáínà ni, ẹnikẹ́ni kò sì mọ ibi tí wọn yóò gbé e lọ. Mino Raiola, aṣojú rẹ̀, kò gbà kí ó buwọ́ lu tuntun. Ní oṣù Kẹfà, Milan kéde fún gbogbo ayé pé ọmọ náà kò ní tún àdéhùn ṣe. Ẹ wo bí ó ti yára tó: oṣù mẹ́ta péré ni ó wà láàárín ìfẹnukò yẹn àti ìkéde yìí. Ní ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀, nígbà tí ó ń ṣọ́ ilé fún ikọ̀ ọ̀dọ́ Ítálì níwájú Dẹ́ńmáàkì ní ìlú Kraków ní Pólándì, àwọn kan láti ẹ̀yìn àwọ̀n bẹ̀rẹ̀ sí í da owó dọ́là ayédèrú lù ú. Wọ́n gbé àkọlé sókè, wọ́n fi dọ́là lẹ orúkọ bàbá rẹ̀, wọ́n pè é ní Dollarumma. Ọmọ ọdún 18 ni. Ó dúró ní ojú ilé, bébà owó ń rọ̀ sí orí koríko níwájú rẹ̀, ó sì ní láti máa wo bọ́ọ̀lù.

Nígbà tó di oṣù Keje, ó buwọ́ lùwé títí di 2021. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ náà tán níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò tán. Nínú oṣù yẹn náà ni kò lọ jókòó fún ìdánwò àṣejáde ilé ìwé girama rẹ̀, tí ìròyìn sì gbé e pé ó wà ní Ibiza níbi tó ti ń sinmi. Gbogbo òbí Ítálì ló ní ohun tí wọn yóò sọ sí i. Milan tún gba Antonio ẹ̀gbọ́n rẹ̀ padà sínú ẹgbẹ́. Nígbà tí oṣù Kejìlá dé, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ Coppa Italia, ìdíje ife ilẹ̀ Ítálì, pẹ̀lú Verona, àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ náà na aṣọ àkọlé ńlá ní San Siro, wọ́n fi owó oṣù rẹ̀ bú u, wọ́n bú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n sì ní kí ó máa lọ. Omi bọ́ lójú rẹ̀ níbẹ̀. Leonardo Bonucci, balógun rẹ̀, ló lọ bá a tí ó sì ń tù ú nínú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rò nípa èyí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan nínú yín lè má bá mi gbà. Mo gbà pé àwọn tí wọ́n na àkọlé yẹn ṣe ohun tí kò dára. Ṣùgbọ́n n kò gbà pé ìkórìíra lásán ló mú wọn ṣe é. Bí àlejò bá kúrò nílé wa nítorí owó, a óò ní ó dàbọ̀. Bí ọmọ bá ṣe bẹ́ẹ̀, a óò ní ó já wa kulẹ̀. Àwọn ará Milan kò rí òṣìṣẹ́ kan tí ń ṣírò iye tí iṣẹ́ rẹ̀ tó. Ọmọ wọn ni wọ́n rí. Ìwé àdéhùn kò sì mọ ọmọ. Ìwé àdéhùn ní ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ ìparí, ó ní iye owó, ó ní ibi tí a ó buwọ́ lù. Ohun tí àwọn ènìyàn fún Gigio ní ọdún 2015 kò sí nínú ìwé kankan, òun náà kò sì béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Ọmọ ọdún 16 kò mọ iye tí a ń san padà fún irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ó tún wà níbẹ̀ fún ọdún mẹ́rin. Ó ṣe àṣìṣe, pàápàá nínú àṣekágbá Coppa Italia ọdún 2018 tí Juventus gbá mẹ́rin sí òdo, tí bọ́ọ̀lù yọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lójú gbogbo ayé. A kì í mọ̀ ọ́n gún, mọ̀ ọ́n tẹ̀, kí iyán ewùrà má lẹ́mọ. Ó dìde níbẹ̀, ó dàgbà, ó di balógun nígbà mìíràn, Milan sì ṣe ipò kejì ní sáà 2020 sí 2021, wọ́n padà sí Champions League. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 251 ni ó gbá fún wọn. Nígbà náà ni ìwé tán, kò tún un ṣe, ó sì kọjá sí Paris, sí ọ̀dọ̀ àwọn tí wọ́n ra Ibrahimović àti Thiago Silva lọ́jọ́sí. Milan kò rí kọ́bọ̀ gbà lórí rẹ̀.

Ìgbà tí ìwé yẹn ń tán gan-an ni ìdíje Yúróòpù ń lọ lọ́wọ́. Ní Wembley, ó lé pẹnáritì Álvaro Morata padà, Sípéènì lọ sílé. Àṣekágbá bọ́ sí ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2021, pẹ̀lú ikọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ilé wọn. Ibùdó ìwòran bọ́ọ̀lù kan ní Ìbàdàn ni mo ti wò ó, lórí bẹ́ǹṣì onípákó, pẹ̀lú ariwo jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìn fèrèsé. Ọ̀kan sí ọ̀kan ni wọ́n gbá a sí, ó sì di pẹnáritì. Berardi, ẹni tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn, ló kọ́kọ́ gbá fún Ítálì, ó sì wọlé. Marcus Rashford gbá tirẹ̀ mọ́ òpó. Donnarumma lé ti Jadon Sancho padà. Jorginho ìbá ti parí rẹ̀ fún Ítálì, Jordan Pickford lé tirẹ̀ náà padà. Ó wá ku Bukayo Saka, ọmọ ọdún 19, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Yorùbá. Ọkùnrin àgbàlagbà kan tó jókòó nítòsí mi ti ń ki í láti ìgbà tó ti ń rìn bọ̀ láti àárín pápá: Bùkáyọ̀, ọmọ wa, fi kún ayọ̀ wa. Gbogbo wa ni a ń ṣe àmín. Saka sáré wá, ó gbá a, Donnarumma fò sí apá òsì rẹ̀, ó sì tì í dànù.

Ohun tí ó tẹ̀lé e ni n kò lè gbàgbé. Ó dìde. Kò pariwo, kò sáré, kò bọ́ aṣọ. Ó ń rìn kúrò lójú ilé bí ẹni tó parí iṣẹ́ òòjọ́ tó ń lọ sílé. Ọmọkùnrin kan láti ẹ̀yìn béèrè pé, "Kí ló ń ṣe eléyìí, ṣé inú rẹ̀ kò dùn ni?" Ìgbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ya bò ó ni ojú rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yí padà. Òun fúnra rẹ̀ ṣàlàyé lẹ́yìn náà pé òun kò mọ̀ pé wọ́n ti borí. Ó ti rò pé Jorginho ni yóò parí rẹ̀, nígbà tí ìyẹn kò sì wọlé, ìṣirò dàrú mọ́ ọn lójú, ó rò pé eré ṣì ń bá a lọ. Ọkùnrin tó fún Ítálì ní ife Yúróòpù àkọ́kọ́ láti 1968 ni ó gbọ́ kẹ́yìn. Wọ́n fi í ṣe agbábọ́ọ̀lù tó peregedé jù nínú gbogbo ìdíje náà, èyí tí aṣọ́lé kankan kò gbà rí ṣáájú rẹ̀. Ọdún yẹn náà ló gba ẹ̀bùn Yashin gẹ́gẹ́ bí aṣọ́lé tó dára jù láyé.

Ènìyàn yóò rò pé èyí yóò wẹ gbogbo rẹ̀ nù. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹwàá, tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta lẹ́yìn Wembley, Ítálì gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú Sípéènì ní San Siro. Ikọ̀ orílẹ̀-èdè ni, Milan kọ́. Síbẹ̀, gbogbo ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá kan Donnarumma ni wọ́n ń súfèé lé e lórí, nínú pápá tí ó ti dàgbà, nínú aṣọ tí ó fi gba ife wálé fún wọn. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2023, nígbà tí ó bá Paris Saint-Germain lọ síbẹ̀, wọ́n tún da owó dọ́là ayédèrú lù ú, wọ́n sì ti tẹ àwòrán ojú rẹ̀ sára àwọn owó náà. Ọdún mẹ́fà ló ti kọjá lẹ́yìn Kraków. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu ni pé ẹnìkan lọ sí ilé ìtẹ̀wé, ó dúró, ó sì sanwó fún un. A kì í náwó bẹ́ẹ̀ lórí ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò kàn wá mọ́.

Ní Paris, n kò ní pẹ́ níbẹ̀. Kò sí ẹni tó pè é ní ọmọ. Nígbà tí Karim Benzema gba bọ́ọ̀lù mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ ní Madrid ní 2022, wọ́n bínú sí i bí a ti ń bínú sí òṣìṣẹ́. Nígbà tí ó lé pẹnáritì méjì padà ní Anfield, pápá Liverpool, ní oṣù Kẹta ọdún 2025, tí ó sì dí àwọn Arsenal lọ́wọ́ ní ìpele tó ṣáájú àṣekágbá, títí tí wọ́n fi gba Champions League àkọ́kọ́ wọn pẹ̀lú ayò márùn-ún sí òdo lórí Inter ní Munich, wọ́n yìn ín bí a ti ń yin òṣìṣẹ́. Kó tó pé oṣù mẹ́ta, Luis Enrique, akọ́nimọ̀ọ́gbá, ní irú aṣọ́lé mìíràn ni òun ń fẹ́, wọ́n ra Lucas Chevalier láti Lille, wọn kò sì mú Donnarumma lọ sí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ Super Cup ti Yúróòpù, èyí tí wọ́n gbá ní Udine, ní ilẹ̀ bàbá rẹ̀. Àdéhùn iṣẹ́ ni ó tún dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án ó ti di ti Manchester City, nínú oṣù náà sì ni ó gba ẹ̀bùn Yashin ẹlẹ́ẹ̀kejì.

Ṣùgbọ́n kí ó tó lọ, ó wá sí Parc des Princes, pápá Paris Saint-Germain, ní alẹ́ ọjọ́ 22 oṣù Kẹjọ, nígbà tí Paris gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú Angers. Kò wọ aṣọ eré. Nígbà tí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ parí, ó jáde sí orí pápá, ó rìn lọ bá àwọn èrò, ẹ̀dùn sì hàn lójú rẹ̀. Àwọn ènìyàn tí wọn kò gbé e pọ̀n rí, tí wọn kò sì bá a jẹ́ ẹ̀jẹ́ kankan, dìde dúró, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń kọ orúkọ rẹ̀ lórin bí ó ti ń juwọ́ sí wọn.